Bí A Ti Í Kọ Ìwé Àkọsílẹ̀ Ìpàdé Ìgbìmọ̀ Ìbílẹ̀

Kí Òfin Ìjọba Ìbílẹ̀ ti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tó dé ní ọdún 1952, inú àwọn àgbà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpinnu ìlú máa ń wà. Láti ìgbà tí òfin náà ti fi ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn lélẹ̀, ìwé ni ó di ẹlẹ́rìí. Òfin ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà wá, pàápàá ní ọdún 1976, ìjọba ìbílẹ̀ sì ti di 137 ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ akọ̀wé ìpàdé kò yí padà.

Ọjọ́, wákàtí àti ibi ìpàdé ni a kọ́kọ́ ń kọ. Lẹ́yìn náà orúkọ àwọn tí ó wá, àwọn tí ó tọrọ gáfárà, àti àwọn tí a kò rí. Bí iye ènìyàn tí òfin là sílẹ̀ kò bá pé, kò sí ìpinnu tí ó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí náà kí akọ̀wé ka orí kí ó tó gé ẹnu kálámù rẹ̀.

Ìpinnu gan-an ni ó ṣòro. Ká ní ìdílé kan gba ìgbìmọ̀ láàyè láti kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sí orí ilẹ̀ wọn, tí akọ̀wé sì kọ ọ́ báyìí: “Ìdílé náà yọ̀ǹda ilẹ̀, a sì dúpẹ́.” Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, baálé tí ó sọ ọ́ ti kú, alága ti di ẹlòmíràn, àwọn ọmọ sì dé, wọ́n ní ṣe ni baba àwọn yá ìgbìmọ̀ ní ilẹ̀. Kí ni “yọ̀ǹda” túmọ̀ sí? Ẹni tí ó fi nǹkan tọrẹ yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹni tí ó yáni fún ìgbà díẹ̀ náà yọ̀ǹda rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó fẹ́ gba ibùsùn lábẹ́ àwọn aboyún yẹn.

Ohun tí ó yẹ kí akọ̀wé kọ nìyí: “A pinnu pé kí ìgbìmọ̀ gba ilẹ̀ tí ìdílé náà fi tọrẹ títí láé, láti etí odò dé ìdí ìrókò, kí akọ̀wé sì ṣe ìwé ilẹ̀ náà kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé.” Lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ ẹni tí ó dábàá, ẹni tí ó kín in lẹ́yìn, àti iye ìbò yóò wà. Ìwé ìpàdé kò lè rọ́pò ìwé ilẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni yóò fi hàn bóyá ẹnikẹ́ni lọ ṣe é. Bí ọ̀rọ̀ bá kan owó, kí a kọ iye rẹ̀ ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀.

Òwe, èébú àti ìyìn alága kò ní ipò nínú ìwé náà. (Ìyìn alága ni ó ń gba ojú ewé jù lọ níbi púpọ̀.) Ṣùgbọ́n bí ọmọ ìgbìmọ̀ kan bá ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò fara mọ́ ìpinnu, dandan ni kí a kọ ọ́.

Ní ìpàdé tí ó tẹ̀lé e, a óò ka ìwé náà sókè, a óò tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe, alága yóò sì fọwọ́ sí i. Ìlà kan ṣoṣo ni a ń fà sórí ọ̀rọ̀ tí kò tọ́, kí a lè rí i kà síbẹ̀. Abẹ kò gbọ́dọ̀ kan ìwé náà. Bí ó bá jẹ́ pé ọkàn ìgbìmọ̀ ni ó yí padà, ìpinnu tuntun ni kí wọ́n ṣe, kì í ṣe kí a tún ti àtijọ́ kọ. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ka irú ìwé báyìí mọ́ ìwé ìjọba, ilé ẹjọ́ sì lè gba ẹ̀dà rẹ̀ tí a fi òǹtẹ̀ àti ìfọwọ́sí jẹ́rìí sí.

Ibi tí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ni a fi ń tẹ̀ ẹ́, kí a tẹ̀ ẹ́ jáde, kí a fi nọ́ńbà sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí a sì dì í pọ̀. Inú àpótí ọ́fíìsì ni ìwé náà ń gbé, kì í ṣe ilé akọ̀wé. Bí a bá sì gbé akọ̀wé lọ sí ibòmíràn, yóò kà á lé ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀ lọ́wọ́ ní ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn méjèèjì yóò sì fọwọ́ sí i.