Rélùwéè Orí Tábìlì

Ní Ìlú Òyìnbó, ní Jámánì àti ní Amẹ́ríkà, àwọn àgbàlagbà kan wà tí wọ́n máa ń kọ́ rélùwéè kékeré sórí tábìlì. Bí ọjọ́ Sátidé bá dé, wọ́n á wọ yàrá iṣẹ́ wọn lọ. Ẹ má pè é ní eré ọmọdé. Ìṣirò ni.

Ní Jámánì àti ní Amẹ́ríkà, irú kan wà tí wọ́n ń pè ní N. Wọ́n á pín gbogbo nǹkan sí ọ̀nà 160, wọ́n á sì mú ẹyọ kan. Àlàfo irin méjì ojú ọ̀nà rélùwéè tòótọ́ níbẹ̀ jẹ́ mílímítà 1,435, bíi ti Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021. Ẹ fi 160 pín in: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mílímítà 9. Kọ́ọ̀ṣì èrò tó gùn ní mítà 16 á di sẹ̀ǹtímítà 10 péré.

Bí irin bá wọ́ díẹ̀ báyìí, ọkọ̀ á yẹ̀ ṣubú. Nítorí náà wọn kì í kánjú. Sátidé kan, pákó ni, òmíràn, irin, òmíràn, wáyà iná. Wọ́n á kọ ohun tí wọ́n ṣe sínú ìwé, kí wọ́n lè mọ ibi tí iṣẹ́ dé.

A máa ń gbọ́ tí ẹ ń sọ pé ìwé kíkà kò tètè yá. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní alẹ́ Sátidé, ẹ kọ ọjọ́ àti ohun tí ẹ kà tán sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ ṣí i wò.

Ìbéèrè: Kọ́ọ̀ṣì kan gùn ní mítà 24. Báwo ni yóò ti gùn tó lórí tábìlì?