Ìwọ̀n Omi Tí Ó Yẹ Kí Ẹni Tí Ń Sáré Mu

Ní àkókò ìdíje eré ìdárayá ilé-ẹ̀kọ́, ní Òkè-Bùkún gẹ́gẹ́ bí ní àwọn ìlú yòókù ní agbègbè Kàbà, ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu òbí àti olùkọ́: ṣé kí a fún ọmọ tí ń sáré lómi ni, tàbí kí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Àwọn àgbà mìíràn gbà pé omi a máa mú ẹsẹ̀ wúwo. Àwọn ọ̀dọ́ kan, ẹ̀wẹ̀, tí wọ́n ń lọ sá eré Okpekpe ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2013, tàbí ti Èkó tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, a máa da omi sínú bí ẹni tí ń pọn omi sínú àmù. Ìhà méjèèjì ni ó ní ewu.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo iṣẹ́ òógùn. Nígbà tí òógùn bá ń gbẹ lára ni ara ń tutù. Ní àsìkò òjò, afẹ́fẹ́ a kún fún ọ̀rinrin, òógùn a sì máa kán sílẹ̀ láìgbẹ. Ara a wá máa gbóná sí i. Ní ìgbà ọyẹ́, ó ń gbẹ bí ó ti ń jáde, nítorí náà ẹni tí ń sáré kì í mọ bí omi tí ó sọnù lára rẹ̀ ti pọ̀ tó.

Ní 1904, nígbà ìdíje Òlíḿpíìkì ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ó ṣètò eré ọ̀nà jíjìn mọ̀ọ́mọ̀ fi omi du àwọn tí ń sáré nínú oòrùn gangan. Nínú àwọn 32 tí ó bẹ̀rẹ̀, 14 péré ni ó dé òpin.

Ní Boston, ní 2002, òdìkejì ni ó ṣẹlẹ̀. Àwọn oníṣègùn yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn 488 tí wọ́n sá eré náà wò. Nínú ọgọ́rùn-ún, bí 13 ni iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, pàápàá àwọn tí wọ́n mu omi títí tí wọ́n fi tẹ̀wọ̀n ju ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ. Obìnrin kan tí ó sá eré náà kú nítorí èyí. Bí omi bá pọ̀ ju iyọ̀ lọ nínú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ a máa wú. Orí fífọ́, èébì, ìka wíwú àti ìsọkúsọ ni àmì rẹ̀. Ohun tí ó dẹ́rù bani ni pé díẹ̀ nínú àmì wọ̀nyí jọ ti ẹni tí ooru mú. Bí a bá sì tún fún un lómi, ńṣe ni a ń dá kún àìsàn náà. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó ń sọ mọ́, ẹ má ṣe bu omi sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, ẹ da omi tútù sí i lára, kí ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì wá ọ̀nà gbé e dé ilé ìwòsàn kíákíá.

Báwo ni ènìyàn yóò ṣe mọ ìwọ̀n tirẹ̀? Òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn káṣú tàbí kòkó ti tó, bí ó bá ṣe é dúró lé. Kí ó wọn ara rẹ̀, kí ó sáré fún wákàtí kan láìmu omi ní òwúrọ̀ tí ilẹ̀ tutù, kí ó nu òógùn kúrò, kí ó sì tún un wọ̀n. Bí ẹni tí ó tẹ̀wọ̀n kílò 60 bá padà tẹ̀wọ̀n 59, lítà omi kan ni ó sọnù, èyí tí í ṣe omi inú ọ̀rá méjì tí a kọ 50cl sí lára. Kò pọn dandan kí ó dá gbogbo rẹ̀ padà lójú ọ̀nà; kílò kan kò ní pa ẹni tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ lára. Kí ó máa mu díẹ̀díẹ̀ bí òùngbẹ bá ti ń gbẹ ẹ́, kí ó má sì mu ju lítà kan náà lọ ní wákàtí kan.

Eré tí kò tó wákàtí kan, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń sá, kò gbà ju kí wọ́n mu omi ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Kí olùkọ́ má ṣe ti àmù mọ́lé. Iyọ̀ tí ó bá òógùn lọ, oúnjẹ alẹ́ yóò dá a padà. Ọbẹ̀ ilé wa kò ṣaláìníyọ̀.