Ó Ha Yẹ Kí Àmì Rọ́pò Èsì Bí?

Ní oṣù kejì ọdún 2009 ni ilé-iṣẹ́ Facebook kọ́kọ́ fi àmì àtàǹpàkò tí a nà sókè sí abẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń kọ síbẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá wù yóò tẹ̀ ẹ́, ó parí. Ìrọ̀rùn ńlá ni. Nítorí bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá kọ “òótọ́ ni” tẹ̀ lé ara wọn, ta ni yóò tún rí èsì tí ó ní làákàyè láàárín wọn?

Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá kéde ikú ìyá rẹ̀ ńkọ́? Àtàǹpàkò yìí kan náà ni ó wà fún ẹni tí kò fẹ́ kọ̀wé, bí ẹni pé ikú náà dùn mọ́ ọn! Ní ọdún 2016, wọ́n fi àmì ìfẹ́, ẹ̀rín, ìyanu, ìbànújẹ́ àti ìbínú kún un. Ó sàn díẹ̀. Síbẹ̀, Yorùbá tí ó ní ìkíni fún òjò, fún oòrùn àti fún ìjókòó lásán kò ní ka àwòrán ojú tí ń sunkún sí “Ẹ kú ará fẹ́ra kù”.

Ti ìbínú ni ó ṣòro jù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá kọ ọ́ pé kí a máa fi èdè Yorùbá kọ́ni ní ìṣirò, tí ogún ènìyàn sì fi ojú ìbínú dá a lóhùn, kí ni ó rí kọ́? Kí àmì ìfọwọ́sí máa wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá takò ó, kí ó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí ọmọ náà lè mọ̀ bóyá èrò rẹ̀ ni kò dára ni, tàbí ìwé tí a ó fi kọ́ni ni kò tí ì sí.