8x42 àbí 10x42? Ẹ Ṣírò Ó Kẹ́ Ẹ Tó Náwó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú owó de báínókúlà tuntun, ẹ dúró ná. Kí ni 8x42 tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ń sọ? Pẹ̀lú 8, ẹyẹ tó wà ní 80 mítà á dà bíi pé 10 mítà ló wà. 42 ni fífẹ̀ awò iwájú rẹ̀, ní mìlímítà.

Ẹ wá fi 8 pín 42: 5.25. Ti 10x42 jẹ́ 4.2. Ìyẹn ni fífẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde wọ ojú wa. Nínú òkùnkùn, ọmọlójú ọ̀dọ́ lè fẹ̀ tó mìlímítà 7. Torí náà, ní ìdájí nínú igbó IITA n'Ìbàdàn, tá a bá ń wá ẹyẹ Ibadan malimbe, 8x42 ló máa mọ́lẹ̀ jù.

Ibi tó ń fi hàn tún fẹ̀ jù. Ẹ wo NL Pure ti Swarovski, tó jáde lọ́dún 2020: ní 1,000 mítà, 8x42 ń fi 159 mítà hàn, 10x42 ń fi 133. Tí ọwọ́ bá sì ń gbọ̀n, 10 á jẹ́ kó hàn jù.

Ọdẹ tó ń wo ẹran lókèèrè ní pápá lọ́sàn-án lè mú 10. Èmi? 8 ni mò ń tọ́jú owó dè. Awò olówó ńlá á jẹ́ kí àwòrán mọ́ kedere lóòótọ́, àmọ́ kò lè yí ìṣirò yìí padà o!