Iná Iwájú Alùpùpù ní Òru

Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí àwọn ìyá ọlọ́jà bá ti palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ ní Òkè-Ajé, iṣẹ́ kò tíì parí fún ẹni tí ó ń fi alùpùpù gbé èrò. Èrò kan ń lọ sí Òkè-Ẹrì, òmíràn ń lọ sí Odògbolú, àwọn mìíràn sì ń lọ sí àwọn abúlé tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Bí alùpùpù bá ti jáde kúrò láàárín ìlú, òkùnkùn ni ó gba ọ̀nà. Kòtò tí òjò gbẹ́, ewúrẹ́ tí ó sùn sójú ọ̀dà, ọkọ̀ àjàgbé tí ó bàjẹ́ sójú ọ̀nà láìní iná lẹ́yìn, gbogbo wọn ń dúró de ẹni tí kò bá rí wọn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òru kò mọ olówó, ó ní, "Ìwọ ta nìyẹn?"

Iná iwájú ni ẹni tí ó ń gun alùpùpù fi ń dá òru lóhùn. Nítorí náà, kò yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fẹ́ iná tí ó mọ́lẹ̀ ju èyí tí wọ́n bá lára alùpùpù nígbà tí wọ́n rà á. Ìfẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí púpọ̀ nínú wọn ń gbà wá a kò dára. Wọ́n a sáré lọ sí ìsọ̀, wọ́n a ra gílóòbù tí ó lágbára jù lọ, láìbéèrè bóyá ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń wá ti wà nínú iná tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀, tí ohun kan sì ń dí i lọ́wọ́.

Kí ènìyàn tó ra ohunkóhun, ó yẹ kí ó mọ bí ìmọ́lẹ̀ ti gbọ́dọ̀ jìnnà tó. Alùpùpù tí ó ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan ń rìn tó mítà 16 àti ààbọ̀, ó lé díẹ̀, ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí ohun kan bá yọ lójijì, ó lè tó ìṣẹ́jú àáyá kan àti ààbọ̀ kí ojú tó rí i, kí ọkàn tó mọ ohun tí ó jẹ́, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó tẹ ìjánu. Láàárín àkókò yìí, alùpùpù ti lọ ní mítà 25. Lẹ́yìn tí a bá ti tẹ ìjánu, yóò tún tó bí mítà 28 kí ó tó dúró lórí ọ̀dà gbígbẹ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 53. Bí ó bá jẹ́ 40 kìlómítà ni ó ń sá, gbogbo rẹ̀ kò ju bí mítà 30 lọ. Ẹni tí iná rẹ̀ ń fi mítà 30 hàn, tí ó sì ń sáré 60 kìlómítà, yóò kọlu nǹkan kí ó tó lè dúró, bí ó tilẹ̀ rí i.

Apá mẹ́ta ni iná iwájú ní. Èkíní ni gílóòbù tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde wá. Èkejì ni àwo dídán tí ó wà lẹ́yìn gílóòbù, tí ó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, tí ó sì ń tì í síwájú. Ẹ̀kẹta ni gíláàsì tí ó bo gbogbo rẹ̀. Gílóòbù halogen tí agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 35 ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré. Ní Yúróòpù ni a ti kọ́kọ́ gbé irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ jáde fún ọkọ̀, ní ọdún 1962. Okùn wáyà tín-ín-rín kan wà nínú rẹ̀ tí iná mànàmáná ń mú gbóná títí yóò fi tàn. Àwọn tí ó ṣe àwo dídán náà ti wọn ibi tí okùn yìí gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀. Bí ó bá yẹ̀ díẹ̀ kúrò níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yóò fọ́n káàkiri dípò kí ó tọ ojú ọ̀nà.

Ìmọ́tótó ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Ẹrẹ̀ ìgbà òjò àti eruku ọyẹ́ a máa bo gíláàsì. Omi àti aṣọ rírọ̀ tó láti fọ̀ ọ́. Bí gíláàsì bá ti ṣú pátápátá, tàbí tí àwo dídán inú rẹ̀ bá ti ṣí, kò sí gílóòbù tí ó lè tún un ṣe. Iná tuntun ni ó kù kí a rà. Ẹni tí ó bá ń pààrọ̀ gílóòbù halogen kò gbọdọ̀ fi ìka kan ojú rẹ̀, nítorí pé ọ̀rá ọwọ́ a máa jẹ́ kí ibì kan gbóná ju ibòmíràn lọ, gílóòbù náà a sì tètè jó.

Ìtọ́jú kejì ni wáyà, ibẹ̀ sì ni àṣírí ńlá wà. Bí fóòtì tí ó dé ìdí gílóòbù halogen bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá dín. Wáyà tín-ín-rín, ìsopọ̀ tí ó ti dógùn-ún, bọ́tìnnì iná tí ó ti gbó, àti wáyà tí kò mú irin ara alùpùpù dáadáa, gbogbo wọn ni ó ń jẹ fóòtì lójú ọ̀nà. Rìwáyà tí ó mọṣẹ́ yóò tan iná, yóò wọn fóòtì lórí bátìrì, yóò sì tún un wọ̀n ní ìdí gílóòbù. Bí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì bá pọ̀, yóò ha ìpẹtà kúrò, yóò sì pààrọ̀ wáyà tí kò dára. Nínú alùpùpù tí iná rẹ̀ ń ti orí bátìrì wá, ó tún lè fi wáyà nípọn, fíúsì, àti ẹ̀rọ kékeré tí a ń pè ní riléè gbé iná láti orí bátìrì tààrà lọ sí gílóòbù. Bọ́tìnnì ọwọ́ kò ní ru ẹrù náà mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ju kí ó jí riléè lọ. Gílóòbù àtijọ́ tí olówó rẹ̀ ti fẹ́ sọ nù lè tàn bí tuntun.

Ìtọ́jú kẹta ni kí iná wo ibi tí ó yẹ kí ó wò. Kí a fẹ́ atẹ́gùn sí táyà dáadáa, kí a gbé alùpùpù sí orí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí ó kọjú sí ògiri ní mítà 10, kí ẹni tí ń gùn ún sì jókòó lórí rẹ̀. Kí a wọn bí àárín iná ti ga tó láti ilẹ̀, kí a sì fi ẹfun fa ìlà sára ògiri ní ìwọ̀n gíga kan náà. Nígbà tí a bá tan iná ìsàlẹ̀, etí òkè ìmọ́lẹ̀ náà yẹ kí ó wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí abẹ́ ìlà yẹn. Bí iná bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 90, etí ìmọ́lẹ̀ yóò kan ilẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 90. Bí a bá jẹ́ kí ó wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20, mítà 45 ni yóò ti kan ilẹ̀. Ẹrù pẹ̀lú ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Alùpùpù tí ó gbé èrò méjì àti àpò gàrí kan sẹ́yìn a máa rì lẹ́yìn, a sì gbé ojú sókè; iná rẹ̀ a máa wo orí ọ̀pẹ, ojú ọ̀nà a sì wà nínú òkùnkùn.

Lẹ́yìn ìtọ́jú mẹ́ta yìí ni ọ̀rọ̀ gílóòbù tuntun tó kàn. Gílóòbù wáàtì 35 ń gba nǹkan bí áńpíà 3 láti ara bátìrì fóòtì 12. Ti wáàtì 60 ń gba 5. Wáyà àti ẹ̀rọ tí a ṣe fún èkíní kì í sábà lè gbé èkejì. Wáyà a gbóná, bọ́tìnnì a yọ́, bátìrì a sì kú. Iná LED ní tirẹ̀ kì í jẹ iná mànàmáná púpọ̀. Akasaki, Amano àti Nakamura, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí a bí ní Jàpáànù, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2014 nítorí LED aláwọ̀ búlúù, èyí tí ó mú kí LED funfun ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá ki gílóòbù LED bọ inú àwo dídán tí a ṣe fún halogen, ìmọ́lẹ̀ kì í sábà ti ibi tí a wọ̀n jáde. Ẹni tí ó bá fẹ́ LED, ó sàn kí ó ra odindi iná tí a ti ṣe àwo àti gíláàsì rẹ̀ fún LED láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí a tún wo ìlú tí a ti ṣe iná náà. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, tí ọkọ̀ sì ń rìn lápá ọ̀tún. Ní Ìlú Ọba, ní Íńdíà àti ní Jàpáànù, apá òsì ni ọkọ̀ ń rìn títí di òní. Àwọn iná kan tí a ṣe fún irú ìlú bẹ́ẹ̀ a máa gbé ìmọ́lẹ̀ sókè lápá òsì, kí wọ́n lè fi etí ọ̀nà hàn. Bí a bá gbé irú iná tòkunbọ̀ bẹ́ẹ̀ wá sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú, ojú ẹni tí ń bọ̀ ni yóò máa gbé e lé.

Ọdẹ tí ó ń fi iná dẹ̀gbẹ́ lóru mọ̀ pé bí ìmọ́lẹ̀ bá bá ẹranko lójú, ẹranko a dúró gbagidi, kò ní mọ ibi tí yóò sá gbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni iná tí ó pọ̀ jù ń ṣe awakọ̀ tí ó ń bọ̀ níwájú. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀: ẹranko a dúró, ọkọ̀ kì í dúró. Bí iná bá fọ́ awakọ̀ tí ń sáré 50 kìlómítà lójú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, yóò rìn ju mítà 40 lọ láìrí nǹkan kan, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó tanná sí i lójú ni ó sì ń bọ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Nítorí náà, bí ọkọ̀ mìíràn bá yọ lókèèrè, kí ẹni tí ń gun alùpùpù yára sọ iná gíga di iná ìsàlẹ̀. Bí ìkùukùu tàbí ọyẹ́ bá bo ọ̀nà, iná ìsàlẹ̀ náà ni kí ó lò, nítorí pé iná gíga a máa lu ìkùukùu, a sì padà wá sójú ẹni tí ó tàn án. Kí iná ẹ̀yìn rẹ̀ máa tàn pẹ̀lú, nítorí ẹni tí ń rí ọ̀nà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí a ń rí. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó má ṣe sáré ju ibi tí iná rẹ̀ mọ lọ. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ní òru, iná iwájú ni ojú alùpùpù, ojú ẹlòmíràn pẹ̀lú kò sì gbọdọ̀ fọ́ nítorí tirẹ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìdí rẹ̀ tí iná mítà 30 kò fi tó fún ẹni tí ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan?
2. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí ó lè dín fóòtì kù kí ó tó dé ìdí gílóòbù.
3. Bí iná alùpùpù bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 80, tí etí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 ní mítà 10, níbo ni yóò ti kan ilẹ̀?
4. Kí ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1972 ní í ṣe pẹ̀lú iná tòkunbọ̀?
5. Kọ àròkọ ojú ìwé kan lórí òwe yìí: "Àṣejù, baba àṣetẹ́."