Kí Ẹ Tó Gbé Ẹ́ńjìnnì Mìíràn Sínú Ọkọ̀

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òwe yìí ni mo máa ń pa fún àwọn ọmọ wa ní Abidjan tí ẹ́ńjìnnì bá kú mọ́ wọn lọ́wọ́, tí wọ́n sì ti ń kó owó jọ láti sáré lọ ra òmíràn ní la casse, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ àlòkù. Ẹ́ńjìnnì kì í ṣàdédé kú. Ohun kan ló pa á, bí ohun náà bá sì wà nínú ọkọ̀ síbẹ̀, yóò pa èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Àbúrò mi kan ń wa woro-woro, takisí àjọwọ̀, ní àdúgbò Yopougon. Ọjọ́ Àìkú kan ni wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nínú àgbàlá, inú gbogbo wa dùn. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, abẹ́rẹ́ ìgbóná sáré dé orí pupa. A tú rédíétọ̀, a rọ omi sí i lókè: ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ló ń jáde nísàlẹ̀, ó pọ́n bí ẹrẹ̀. Ìpẹtà ti dí i pa. Rédíétọ̀ àtijọ́ ni wọ́n dá padà síwájú ẹ́ńjìnnì tuntun! Owó tí ó fi oṣù mélòó kan tù jọ bá omi ìpẹtà lọ.

Láti ọdún 2018 tí ìjọba Côte d'Ivoire kò ti gbà mọ́ kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ju ọdún 5 lọ wọlé, ẹni tó ní ọkọ̀ àtijọ́ kì í fẹ́ fi í sílẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yẹ rédíétọ̀, pọ́ǹpù omi àti fáànù wò kí ẹ tó náwó.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta France au revoir, èyí tí ará ilé ń pè ní tòkunbọ̀, ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí lórí ẹ́ńjìnnì. Bí ohun funfun bíi wàrà bá lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, omi lè ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì nínú. Ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kó pọ̀ọ́kú tó. Bí kò bá sí, ẹ fi nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì náà wé ti àtijọ́.

Ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí. Ẹ́ńjìnnì kékeré pàápàá lè tó kílò 100, nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi okùn so ó kọ́ ẹ̀ka máńgòrò. Ẹ yá irin ìgbẹ́rù àti ṣéènì, kí ẹnikẹ́ni má sì ti ara bọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ tú wáyà bátìrì kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ẹ fi fóònù ya àwòrán wáyà àti rọ́bà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó yọ ọ́.

Nígbà tí ẹ bá sì ṣáná sí i, ẹ má tíì gun ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lójú kan, kí ẹ dúró tì í, kí ojú yín wà lára abẹ́rẹ́ ìgbóná. Bí abẹ́rẹ́ bá ń gòkè lọ sí orí pupa tí fáànù kò yí, ẹ pa á kíá.