Ibà Lassa àti Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Inú Ara Wa

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni eku máa ń sá wọlé wá oúnjẹ, ìgbà náà sì ni ibà Lassa ń jà jù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí àwa tí a fi Jos ṣe ilé. Ní 1969, nọ́ọ̀sì Laura Wine kó o ní ìlú Lassa, ní Borno. Jos níbí ni wọ́n gbé e wá, ibẹ̀ ló sì kú sí. Charlotte Shaw tó tọ́jú rẹ̀ kú pẹ̀lú. Penny Pinneo, ẹnì kẹta, ni Ọlọ́run dá sí.

Kí ló dé tí àrùn yìí fi le tó bẹ́ẹ̀? Ọlọ́run Ọba fi ẹ̀ṣọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ wa. Bí ọ̀fìnkìn bá wọlé, wọn a mú un, wọn a sì figbe ta. Igbe yẹn ló ń mú ara gbóná, tó ń pe àwọn ọmọ-ogun yòókù. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀ṣọ́ gan-an ni fáírọ́ọ̀sì Lassa ń wọ̀. Kì í pa á. Ńṣe ló ń bímọ síbẹ̀, tó sì ń dí i lẹ́nu. Àwọn ọmọ-ogun tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T kò ní tètè gbọ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá tètè gbọ́ ló sábà ń yè. A kò fi èyí dẹ́rù bani o: nínú ènìyàn 10 tó kó o, bí 8 ni kò ní ṣàìsàn tó le.

Èròjà tí ara fi ń bá àrùn jà máa ń kù sínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó yè. Nígbà tí Jordi Casals, onímọ̀ tó ń yẹ fáírọ́ọ̀sì náà wò ní Amẹ́ríkà, kó o ní 1969 kan náà, omi ẹ̀jẹ̀ Pinneo ni wọ́n fà sí i lára. Ó yè.

Ó lè tó ọjọ́ 21 kí ibà náà tó yọjú, yóò sì jọ ibà ẹ̀fọn. Bí oògùn ibà kò bá ràn án lẹ́yìn ọjọ́ 2, ẹ má ṣe pààrọ̀ kẹ́míìsì, ọsibítù ni kí ẹ lọ. Oògùn ribavirin ń ṣiṣẹ́ jù bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí àìsàn tó pé ọjọ́ 6. Ẹ de gaàrí àti ìrẹsì yín.

Bí ó bá la ikú lọ, fáírọ́ọ̀sì ṣì wà nínú omi ara òkú. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ lásán wẹ̀ ẹ́. Tayammum ń bẹ níbi tí omi bá ti di ewu. Ẹ bi àwọn àfáà wa àti àwọn ọsibítù kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.